Òdòdó Tí Mo Gbìn Sẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ègé mẹ́rìndínlógún ni mo gbìn. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo gé e. Aránṣọ ni mí, n kì í gbàgbé ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi gé. Mo tò wọ́n sí ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Okokomaiko, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn nídìí, mo sì bu omi sí wọn. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò tún bu omi sí wọn mọ́ láti ìgbà náà.

Mo fẹ́ sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí kí n tó gbìn ín. Kì í ṣe láti dá ara mi láre. Mo ti dá ara mi láre púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì sọ ìyẹn náà nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà, ìbáà jẹ́ nínú ilé ìsìn tàbí lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àbàtà kan lẹ́yìn ògiri, àbàtà náà sì lọ pàdé odò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, omi á ti lọ tán kí ìsìn ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Igi ògùrọ̀ pọ̀ nínú àbàtà náà, ibòòji wọn máa ń dé orí ògiri wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn ra ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn. Típà kan á dà á tán, á lọ, òmíràn á dé, títí ilẹ̀ tiwọn fi ga ju tiwa lọ. Omi tó ń lọ sí odò kò rí ọ̀nà mọ́, ó wá ń dúró lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Òjò pàápàá ti yí padà. Á dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù tó yẹ kó máa rọ̀, á wá rọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹrẹ̀ ló kù fún wa. Èmi ni mo ń rán sùtánà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ìjọ, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Elérin, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá.

"Aránṣọ, wo etí aṣọ mi. Ṣé funfun nìyí?"

"Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, Mà."

"Mo ti rẹ ẹ́. Kò lọ. Bóyá ká kúkú yí orúkọ wa padà sí ìjọ aláṣọ kòkó."

Àkókò náà ni wọ́n ń fẹ̀ títì márosẹ̀, wọ́n sì ń lé àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì kúrò. Ọkùnrin kan nínú wọn ń fi ohun tí kò lè kó lọ ta ọrẹ. Mo rí ọ̀kan tó ń fà nílẹ̀, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò bí ẹyin adìyẹ. Mo bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń pè é.

"Káápẹ́ẹ̀tì ni, Màmá. Ẹ gbìn ín lónìí, ẹ ò ní rí ilẹ̀ mọ́ tó bá di ìparí òjò. Kò fẹ́ ìtọ́jú kankan."

Ó yẹ kí n bi í pé ohun ọ̀gbìn wo ni kì í fẹ́ ìtọ́jú. Mo mọ bí mo ṣe ń tọ́jú ebè ẹ̀fọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ilé mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo ki ìdì rẹ̀ bọ inú ọ̀rá dúdú, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin náà kò parọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti di ewé láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà. A ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń dìde. Ẹrẹ̀ kò kan aṣọ mọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Alàgbà tó ń darí ìjọ wa pè mí síwájú, wọ́n ní kí ìjọ dìde dúró fún mi. Wọ́n sọ mí ní Màmá Olódòdó. N kò jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, kò sì sẹ́ni tó pè mí síwájú rí láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyókù ti wá.

Lẹ́yìn ògiri náà, nínú ohun tó ṣẹ́kù nínú àbàtà, ìyá àgbà kan wà tó ń já ewé eéran, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ ìdílé ọkọ wọn sì ni. Ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì méjì ló kù fún wọn, pẹ̀lú igi ògùrọ̀ bíi mélòó kan. Mo máa ń wò wọ́n láti orí ògiri nígbà tí mo bá lọ gbálẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n ń lò. Wọn kì í fa ewé. Wọ́n máa ń gé igi ewé náà nísàlẹ̀, wọ́n á fi èyí tó ṣì ká jọ bí ẹní sílẹ̀ kó lè là, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti gbé e sí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ ọmọ tó ń hù. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ní Iyana-Iba ló ń wá ra ewé náà lọ́wọ́ wọn. Ìyá kò gbìn ín. Ìyá ọkọ wọn bá a níbẹ̀ ni.

Ìyàwó ọmọ wọn ló ń bá wọn gbé. Ègùn ni, láti apá Badagry. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ńlá lọ sí òkè ọya, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ìyàwó yìí ń sin ehoro nínú àgò onígi lẹ́yìn ilé. Láràárọ̀, á gbé àpò, á lọ já ewé fún ehoro náà lẹ́bàá títì, á sì ru ú bọ̀ wálé.

A dá ihò sí ìdí ògiri wa kí omi lè gbà á kọjá. Ihò náà ni òdòdó mi gbà. Mo rí i ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ sí òdìkejì. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò ní ọ̀bẹ. Mo ní n ó gé e tó bá di ọjọ́ kejì. Láti ìdí ihò náà dé ibi tí eéran Ìyá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún ni. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, nígbà tí wíwọ̀n kò wúlò mọ́. Òjò ọdún kejì kò tí ì parí tó fi dé ibẹ̀.

Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, mò ń ká sùtánà àwọn akọrin. Wọ́n bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe mọ̀ pé a ń ṣe, wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ kan ewé.

"Ẹ kú ìsìn o."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni Alàgbà dáhùn. "Ṣé kò sí o?"

"Ó wà. Kí lẹ ń pe èyí?"

"Òdòdó ni, Màmá."

"Ojú mi kò tí ì fọ́, mo rí i pé òdòdó ni. Mo ní ta ló gbé e wá. Ó ti gun ewé mi lórí. Ọmọ eéran kò ríbi yọ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń já ewé yẹn, n kò rí irú èyí rí."

Alàgbà kò wo ibi tí mo wà. Wọ́n ní, "Omi ló gbé e wá, Màmá. Omi ọdún yìí, kí ni kò gbé wá? Ó gbé ẹnu ọ̀nà onílé lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù ọlọ́bọ́ọ̀lù wá. Àbí ẹ ti bi ìyàwó yín? Ẹni tó ń ru igbó wọlé láràárọ̀ fún ehoro. Ó lè jẹ́ pé ehoro ló bèèrè fún òdòdó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni Alàgbà fi ṣe, láti fi bo ìjọ. Bóyá èmi ni wọ́n fẹ́ bò. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ewé ọwọ́ wọn títí.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ.

Sùtánà tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà ní ọrùn aláwọ̀ búlúù, èmi ni mo rán an. Mo ká a, mo tú u, mo tún un ká.

Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn Ìyá kọjá ògiri wá.

"Ibo lo ti ń já ewé ehoro?"

"Ẹ̀bá títì ni, Ìyá."

"Òdòdó wà lẹ́bàá títì?"

"Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀."

"Ó ti jẹ́wọ́," ni Ìyá wí, bí ẹni tó ń bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí ni mo jẹ́wọ́, Ìyá? Ẹ bi mí pé òdòdó wà níbẹ̀, mo ní ó wà. Ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Ṣé èmi ni mo bí wọn?"

Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo lọ sílé.

Oníbàárà mi kan, ọmọ Èkìtì, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì. Nígbà tó wá wọn aṣọ, mo ti fi ègé kékeré kan sínú ìwé ìwọ̀n mi. Mo fi hàn án, mo ní ẹnì kan ló ń bi mí.

"Níbo ni ẹni náà ti rí i?"

"Nínú àbàtà kan, Mà. Ó ń bo ewé eéran."

Ó yí i wò. Ó ní kì í ṣe ewéko ilẹ̀ yìí, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá nítorí ẹwà. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí i, kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́, àwọn ewéko mìíràn sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá a du ààyè. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó fi èékánná tọ́ ibi tí ewé méjì ti pàdé lára ọ̀pá rẹ̀.

"Gbogbo oríkèé yìí ló ń ta gbòǹgbò. Ẹ sọ fún ẹni náà kó má fi ọkọ́ gé e o. Tó bá gé e sí ogún, ogún ló gbìn. Ọwọ́ ni kó fi tú u jẹ́jẹ́, kó kó o sínú àpò, kó lọ sá a lórí sìmẹ́ńtì títí á fi gbẹ."

"Ṣé òun ló pa eéran, Mà?"

"Òun nìkan kọ́. Eéran fẹ́ ibòòji àti ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró lé e nídìí. Wọ́n gé igi, oòrùn wọlé. Wọ́n da yanrìn, omi kò ríbi lọ. Ara eéran kò le mọ́ kí àlejò yìí tó dé. Irú ilẹ̀ tí wọ́n bá ti tú ká bẹ́ẹ̀, àlejò ló máa ń bá lára mu. Ká ní ilẹ̀ náà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, bóyá kò ní lè lọ jìnnà sí ẹ̀bá ògiri."

Ẹ̀bá ògiri ló sọ. N kò sọ fún un pé ògiri kankan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wọlé bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, mo tètè pa ìwé ìwọ̀n mi dé.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, mo sì fi òótọ́ náà bora. Yanrìn ni. Oòrùn ni. Àwọn tó gé igi ni. Bí mo bá gbọ́ ariwo típà láti ṣọ́ọ̀bù mi, inú mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Mo ń ka típà àwọn ẹlòmíràn, n kò ka ègé tèmi.

Ìyàwó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà. Kò mú aṣọ kankan wá. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Àǹtí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá ní kí n kó ehoro mi tà. Wọ́n ní ewé tí mò ń já fún ehoro ló ba ilẹ̀ àwọn jẹ́. Ojú mi ló rí òdòdó yẹn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́dún tó kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní mò ń parọ́ mọ́ ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin lẹ ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún wọn, wọ́n á gbà."

Ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo rán etí aṣọ kan tó gùn tó apá mi kí n tó dá a lóhùn.

"N kò kíyè sí i, àbúrò mi. Àwọn òdòdó yìí máa ń jọra."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó tún padà wá gbé àpótí náà sí ibi tó ti bá a.

Wọ́n ta ehoro náà. Kí oṣù yẹn tó parí, ìyàwó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà òkè ọya.

Ó wá ku Ìyá nìkan pẹ̀lú ọkọ́. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ń gé òdòdó náà wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ìbínú gé e, wọ́n ń kó o sẹ́bàá omi. Bí òjò bá rọ̀, omi á pín in káàkiri, ègé kọ̀ọ̀kan á sì ta gbòǹgbò níbi tó bá gúnlẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọ̀rọ̀ tó lè dá ọkọ́ yẹn dúró wà lẹ́nu mi, n kò sì lè sọ ọ́, nítorí pé wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ìró ọkọ́ náà. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, eéran kúrò ní gbogbo ojú oòrùn. Ó ku abẹ́ igi nìkan.

Ní òwúrọ̀ kan tí oòrùn mú, mo rí wọn tí wọ́n fara ti ògiri wa, tí wọ́n ń mí. Mo bu omi sínú ife, mo nà án sí wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà.

"O ṣé, Aránṣọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹni ẹlẹ́ni jẹ. Ohun tí ìwọ gbìn, ìwọ ni o máa ká a."

Àdúrà lásán ni, bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó fún wọn lómi. N kò lè ṣe àmín. Mo gbé ife sílẹ̀, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo yí ògiri po, mo lọ bá wọn nínú àbàtà.

"Ìyá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbin òdòdó yẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ihò omi ló gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyàwó yín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Wọ́n gbé ọkọ́ lé ilẹ̀. "Ọjọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Mà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ká sùtánà."

"O ń ká sùtánà." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn sókè láti máa bá iṣẹ́ lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Gígé ló ń mú un pọ̀ sí i. Ẹnì kan tó mọ ewéko ló sọ fún mi."

"Ìgbà wo ló sọ fún ẹ?"

Mo sọ ìgbà náà fún wọn.

Wọ́n jókòó sórí kùkùté ògùrọ̀ kan. Wọ́n wo ilẹ̀ tí wọ́n ti ro, gbogbo rẹ̀ ló ti tún yọ, tútù, ó ń dán. Mo ń retí kí wọ́n ṣépè. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣépè.

"Mo lé ọmọ ọlọ́mọ lọ," ni wọ́n wí. "Mo pè é ní elékèé. Lọ sọ fún un. Èmi kò ní ẹnu tí n ó fi sọ ọ́."

Mo wọ ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ kejì. Mo bá ìyàwó níwájú ilé àwọn òbí rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo sọ ohun gbogbo, mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù náà. Kò dá ẹ̀gẹ́ bíbó dúró.

"Ẹ ti sọ ọ́ fún Ìyá?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún ọ. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹnu."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá kò ní ẹnu. Ẹnu tí wọ́n fi lé mi ńkọ́, ṣé wọ́n yá a ni?" Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àǹtí, mo gbọ́ bí Alàgbà yín ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìjọ. Àwọn tó ń ra ehoro lọ́wọ́ mi wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ sọ fún mi yìí, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo kọ́kọ́ lọ rí Alàgbà. Wọ́n gbọ́ mi títí. "Màmá Olódòdó, ṣé ó di dandan? A lè kó ara wa lọ bẹ Màmá nílé." Mo ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó fẹ́ kí n ti sọ ọ́. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró de àkókò ìjẹ́rìí.

Àkókò ìjẹ́rìí nìkan ni ẹni tí kì í ṣe olórí lè fi sọ̀rọ̀ ní ìjọ wa, ọpẹ́ sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ síwájú. Ìyá àti ìyàwó wà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà wọn lọ́wọ́. Mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa òdòdó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní èmi ni mo gbìn ín.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní ẹ yin Olúwa. Kí n tó ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, aṣíwájú orin ti dá orin ọpẹ́, ìlù ti gbà á, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ti ń jó bọ̀ wá bá mi, ọ̀kan fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu iwájú orí mi. Mo dúró láàárín wọn. Lókè orí wọn ni mo ti ń wo ìyàwó, ó sì ń wò mí. N kò rí ibi tí mo lè gbé ojú mi sí mọ́. Ó rọrùn nígbà náà láti jó padà sí àyè mi. Mo ti sọ ọ́, àbí n kò sọ ọ́?

Orin náà pẹ́. Nígbà tó parí, Alàgbà fi ọwọ́ ṣe àmì kí n jókòó. N kò jókòó.

Mo ní n kò tí ì parí. Mo ní òdòdó tí mo gbìn ti ba ilẹ̀ tí Ìyá ti ń já ewé jẹ́. Mo ní ọjọ́ tí Ìyá wá bèèrè, mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí a fi ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ó wá bá mi pé kí n jẹ́rìí sí òótọ́, mo sọ pé n kò kíyè sí i, irọ́ ni mo pa. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń ka ìwọ̀n aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó nu iwájú orí mi ń ká aṣọ ìnujú rẹ̀.

Mo jáde lọ bá wọn. Ìyàwó ti ń wọ bàtà.

"Ìgbà kejì ni mo gbọ́ dáadáa, Àǹtí. Ti àkọ́kọ́, ìlù bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá kò wo ojú mi. Wọ́n wo sùtánà mi láti òkè dé ilẹ̀. "Lọ bọ́ aṣọ funfun yẹn. Iṣẹ́ wà lẹ́yìn ògiri."

A ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà, a sì gba ibòmíràn fún omi. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wà nínú àbàtà, mò ń fi ọwọ́ tú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú ehoro méjì. Ó máa ń kí mi, kì í jókòó tì mí. Eéran ti ń yọ ọmọ lábẹ́ igi. Níbi tí oòrùn ń pa, kò padà wá, n kò sì rò pé yóò padà. Ewé abẹ́ igi kò tó èyí tí wọ́n lè tà fún ará Iyana-Iba. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí aṣọ pọ̀ jù. Mo máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ní àyè láti gbọ́ ọ.